Ajá Tó Kọ Ìgbẹ́ Ọmọ

Bí mo bá rántí òwúrọ̀ nílé wa ní Ifọ̀, òórùn méjì ló kọ́kọ́ máa ń dé: ti èéfín igi ìdáná àti ti ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí mo ń wí. Bí ọmọ bá yàgbẹ́ sí àgbàlá, ìyá rẹ̀ kì í wá ọkọ́, kì í wá omi. Ajá ni yóò pè. Ajá á lá ilẹ̀, á lá ìdí ọmọ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ á mọ́ tónítóní. Oúnjẹ àárọ̀ ajá nìyẹn. Èyí tó bá já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹun ni tìrọ̀lẹ́.

Ìlú Àgbàdo ni bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, ti gba ajá tiwa lọ́wọ́ ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn fún. Ajá pupa kékeré ni, kò ju bàtà bàbá mi lọ. Ẹmáawòó ni bàbá mi sọ ọ́, kí àwọn aládùúgbò tó ń ṣòfófó wa lè máa gbọ́ ọ. Ikùn rẹ̀ wú, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ó sì ń bì lójoojúmọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó ya aràn sójú pátákó, ó ní inú ìgbẹ́ ni ẹyin rẹ̀ ń wà, ajá tó bá jẹ ẹ́ á sì fi ẹnu gbé e padà bá ọmọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ajá wa, kó má bàa jẹ ìgbẹ́ mọ́.

Ìdajì agolo mílíìkì ni mo fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀: èkọ tútù tí mo fi omi pò, pẹ̀lú orí ẹja gbígbẹ tí mo gún kúnná. Kò sí ata, kò sí iyọ̀. Ó ń jẹ àkọ́kọ́ nígbà tí rélùwéè àárọ̀ tó ń lọ Abẹ́òkúta bá fọn fèrè, èkejì nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀kẹta kí oòrùn tó wọ̀. Èyí tí kò bá jẹ tán, mo gbé e kúrò. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ omi inú àpáàdì rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, èébì ti dá, irun rẹ̀ sì ń dán.

Ó wá di òwúrọ̀ kan tí Àkànbí àbúrò mi yàgbẹ́, tí Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, pe ajá. "Ẹmáawòó! Gbà, gbà, gbà!" Ajá wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo Ìyá àgbà lójú, ó padà lọ dùbúlẹ̀.

"Háà! Ẹ wá wo ajá òyìnbó o! Ó ti yó, ó ń ṣe fọ́ńté sí mi!"

Ó ní ajá tí kò níṣẹ́ kò ní gbé ilé òun. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àbúrò òun tó ń ṣọdẹ ní Ìbógun á wá mú un lọ. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ajá níbẹ̀: ebi àti ata, kó lè rorò. Ajá kékeré kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo kúnlẹ̀, nítorí a kì í dúró lóòró ṣagídí sí àgbà. "Ìyá àgbà, ẹ má pè é mọ́. Èmi ni n ó máa kó ìgbẹ́ náà."

"Ìwọ tó ń di imú bí àbúrò ẹ bá só lásán?"

"Èmi náà ni, Ìyá."

"Ó dáa. Ọjọ́ tí o bá fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ajá lọ nìyẹn."

Bàbá mi kò gbójú sókè lórí pákó tó ń fá. Ó kàn sọ èyí tó máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀: "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Mo ń kó o. Lẹ́yìn náà ni eyín ń hù lẹ́nu Àkànbí, ìgbẹ́ gbuuru sì dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, agogo ilé ìwé ti ń lù, ni ọmọ tú u sílẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Agogo ti ń lù o," ni Ìyá àgbà wí, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. "Máa lọ. Ṣebí ajá wà nílé."

Mo gbé síléètì mi kalẹ̀. Mo kó o, mo da eérú síbẹ̀, mo wẹ ìdí ọmọ, mo fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé kíláàsì, tíṣà tó kọ́ wa nípa aràn gan-an ló bi mí ohun tó dá mi dúró.

"Ìgbẹ́ àbúrò mi ni mo ń kó, sà."

Kíláàsì hó yèè. Ó ní kí n tọrọ àforíjì. N kò tọrọ. Ẹgba mẹ́fà ló nà mí ní àtẹ́lẹwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni mo fi wọn oúnjẹ ajá, nítorí ọ̀tún kò ṣeé ká. Ìyá àgbà rí i. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ọdẹ Ìbógun wá, ó jẹun, ó lọ; Ìyá àgbà kò fa ajá lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni aládùúgbò wa kan ń pe Ẹmáawòó kó wá lá ìgbẹ́ ọmọ tirẹ̀. Ohùn Ìyá àgbà ni mo gbọ́ láti inú ilé: "Lọ wá ajá tìẹ! Ajá ilé yìí kì í jẹ ìyẹn!"

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ìyá jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí kò tọ́, mo mọ̀ pé kò tọ́, mo sì dákẹ́, mo ń pè é ní ọgbọ́n àgbà. Irọ́ ni. N kò gbọ́n ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn lọ. Ẹ̀rù nìkan ni mo fi jù ú lọ, mo sì ti ń dín in kù.