Ọmọ Tó Kí Ewúrẹ́

Òórùn àgbàdo sísun ni mo fi máa ń rántí ilé ìyá ọkọ mi ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń sun ún, èéfín á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, á wá bá wa nínú yàrá. Ibẹ̀ ni mo mú ọmọbìnrin mi lọ fún ìsinmi gígùn lọ́dún kan, ẹ̀rù sì bà mí láti Ìbàdàn títí a fi débẹ̀. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa pé ọpọlọ ọmọ náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń gba nǹkan: ariwo máa ń ni ín lára, kì í lè wo ojú ènìyàn, bí nǹkan bá sì yí padà lójijì, ẹkún ló kù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn níbi tí ọmọ tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà ti di ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò kọ́?

Ìyá ọkọ mi kò bú mi o. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ọmọ ọmọ wọn ń gba iwájú wọn kọjá bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀.

"Ìyàwó mi, àbí ọmọ yìí kò fẹ́ràn mi ni?"

Omi ti lé sí wọn lójú. Nínú ọkàn mi, mo ti ń di ẹrù wa, mo sì mọ̀ pé bí a bá lọ báyẹn, ọmọ mi kò ní nílé ní Ìlá mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ewúrẹ́ ló kó wa yọ. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi dúró tì í, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi." Ewúrẹ́ dìde. Ọmọ mi ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìdúró." Ó tún fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un! Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ léjìká wọn. Ibẹ̀ ló ti yé mi: ọmọ náà mọ ìkíni dáadáa. Ohun tí ènìyàn ń ṣe ló ń kí, ojú ènìyàn ló wúwo fún un.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ìkíni to ọjọ́ rẹ̀ fún un." Wọ́n gbà. A kò wo aago. Bí màmá bá ti ń fẹ́ iná, ọmọ mi á ní "Ẹ kú iṣẹ́," á jókòó bó àgbàdo. Bí oòrùn bá mú, "Ẹ kú oòrùn," a ó wọ yàrá, a ó ta kọ́tìnì, á máa to ṣùkù àgbàdo sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́" ni ti bíbomi rin ẹ̀fọ́. Àní òjò òjijì tó máa ń sọ ọ́ di ẹlẹ́kún ní Ìbàdàn, ó ti ní ìkíni tirẹ̀, kò tún bà á lẹ́rù mọ́. "Ẹ kú òjò," gbogbo wa á fi ohun tí à ń ṣe sílẹ̀, a ó máa wò ó.

Àgbà ẹbí kan ní a ń ba ọmọ jẹ́. Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn ní ṣókí: "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, á kí yín. Ilé rẹ̀ nìyí." Inú mi dùn débi pé mo sá lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ wa bàjẹ́ lẹ́bàá Ọ̀tan Ayégbajú, ọjọ́ ti rọ̀ kí a tó dé. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọrùn síhà títì. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró níwájú wọn, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ kú ojú lọ́nà, Màmá àgbà."

A kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Títí dòní, bí ẹnìkan bá ní ọmọ mi kò mọ ènìyàn, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó mọ̀ pé wọ́n ń retí òun.