Ojú Ìwé Tí N Kò Là

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ó sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, àmọ́ ó wúwo, n kò sì fẹ́ gbé e lọ sọ́run.

Yàrá kan ni mo ń gbé ní Ìwó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin-márùn-ún kí a tó gba òmìnira. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, òórùn tàdáwà àti gọ́ọ̀mù ìwé tuntun ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Tíṣà ni mí, n kò tíì gbéyàwó, àwọn ẹbí mi sì jìnnà. Olóòtú ìwé ìròyìn kan n'Ìbàdàn ló máa ń fi ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ránṣẹ́ sí mi nínú ọkọ̀ akẹ́rù, pé kí n kà wọ́n, kí n sì sọ fún aráyé bí wọ́n ṣe rí. Ìwé ìtọ́jú kòkó, ìwé agbẹ̀bí, ìtàn ìlú, ìrìn àjò sí Mẹ́kà, ìtàn àròsọ. Kò sí èyí tí kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí kò dé ni ẹni tí a ó jọ sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá agbẹ̀bí, aboyún mélòó lo gbẹ̀bí rẹ̀ lónìí?" Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Àfi bàbá kan. Kuta ló ti ń wá, tíṣà àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sídìí oko. Gbogbo Sátidé ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá yá ìwé. Ọ̀bẹ pélébé kan kì í kúrò lápò rẹ̀, torí pé nígbà náà, etí ìwé mìíràn máa ń lẹ̀ pọ̀ bó ṣe ti ẹ̀rọ jáde. Èèyàn ní láti là á kó tó lè kà á. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ìkòkò méjì lòun ṣì ń pọn omi sí láràárọ̀, tòun àti tirẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ta ní ń lo èkejì?"

"Ilẹ̀ ló ń mu ún, Tíṣà. Bó bá dìrọ̀lẹ́, màá dà á nù."

Mo gbé ìwé tó fẹ́ yá lé e lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kan, ìtàn àròsọ kékeré kan dé. "Ọmọ Àgbẹ̀" nìkan ni wọ́n kọ sí ibi orúkọ òǹkọ̀wé. Ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé wà lọ́rùn mi, ọkọ̀ Ìbàdàn sì ti ń fun fèrè. Mo kà á dé ibi tí ìyàwó ti kú. Àwọn ojú ìwé tó kù lẹ̀ mọ́ra, n kò sì ní ọ̀bẹ nítòsí. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn pé: "Aya kú, ọkọ ò dárò. Ẹni tó kọ èyí kò mọ ohun tí à ń pè ní ìdánìkanwà." Ẹ̀rín tiẹ̀ pa mí, bí gbólóhùn náà ṣe dùn létí ara mi.

Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde, Bàbá dé. Kò jókòó. Ó mú ìwé náà lórí tábìlì mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ àwọn ojú ìwé ẹ̀yìn wò. Ó yọ ọ̀bẹ, ó la àwọn ojú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e síwájú mi.

"Tíṣà, ó kù."

Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lọ ni mo tó kà á. Ọkùnrin inú ìwé ń jí láàárọ̀, ó ń pọn omi sí ìkòkò méjì.

Mo kọ̀wé sí olóòtú pé kó jẹ́ kí n tún un kọ. Ó fèsì pé àwọn kì í yẹ ìwé kan wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá wọkọ̀ lọ sí Kuta, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà Bàbá.

Ó ní, "Dìde, inú ò bí mi. Àlejò lè kà á dé ìdajì. Ìwọ ni mo rò pé yóò kà á tán."

Ó bó ọsàn fún mi. A ò sọ̀rọ̀ ìwé. Kò sì wá sí Ìwó mọ́. Gbogbo Sátidé ni mò ń jókòó sójú fèrèsé, tí agogo kẹ̀kẹ́ bá ti dún, màá dìde. Ọlọ́jà kan ni yóò sì kọjá.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún kejì ló kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jogún oko kòkó, iléèwé ìlú gba àpótí ìwé, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì gbé ìkòkò méjèèjì lọ sílé ọkọ rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà. Lójú ọ̀nà ló yà sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, ó na ọ̀bẹ pélébé náà sí mi. "Bàbá wa ní ẹ̀ ń wá ọ̀bẹ."

Ẹnu ọ̀bẹ náà ti jẹ báyìí, mo ti fi la ìwé tí n kò lè ka iye wọn. Láti ẹ̀yìn ìwé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í là wọ́n. Bí mo bá sì là á tán, màá ṣì gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹnì kan fẹ́ yá a.