Ọkọ̀ Tí Odò Ògùn Fi Hàn Wá

Lánàá, àwọn kan ń yọ́ ọ̀dà sórí òrùlé aládùúgbò wa tó ń jò. Bí òórùn ọ̀dà gbígbóná yẹn ṣe kàn mí nímú, mi ò sí ní Kétu mọ́. Mo ti padà sí Àgbóyì, mo ti di ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tí ẹrẹ̀ bò lẹ́sẹ̀ dé orúnkún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, oko ẹ̀gẹ́ ni Kétu, oko ni Ìkòsì, omi sì ni ọ̀nà tiwa. Ilé bàbá tó bí ìyá mi kọjú sí odò Ògùn. Láàárọ̀, ìkùukùu á bo omi, o ò ní rí ọkọ̀ kankan. Ohùn àwọn apẹja nìkan ni wàá máa gbọ́, bí ẹni pé odò fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Bàbá àgbà mi mọ ọkọ̀ kàn, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó àti ilẹ̀kùn ni mo bá wọn tí wọ́n ń kàn. Kí wọ́n tó bí mi, ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n kàn fún ọ̀rẹ́ wọn, Bàbá Jínádù, rì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ru ẹrù lọ sí Èkó. Àbúrò Bàbá Jínádù bá a lọ. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí ọkọ̀. Bàbá Jínádù ní pákó tó ti jẹrà ni bàbá àgbà fi kàn án. Láti ìgbà náà, wọn ò kí ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ògiri ilé wọn kan ara wọn. Bí ewúrẹ́ wa bá wọ ọgbà wọn, Bàbá Jínádù á ní, “Sẹ̀kínà, sọ fún wọn pé ewúrẹ́ wọn wà níbí o.” Sẹ̀kínà, ọmọ-ọmọ wọn, á wá jíṣẹ́ náà fún bàbá àgbà mi, tí wọ́n ti dúró síbẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, odò sì fà sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Sẹ̀kínà ń ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀ nígbà tí nǹkan yọ síwájú wa. Igi ni, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó tò lọ bí egungun ìhà ẹran ńlá. A fọwọ́ gbá ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Pákó ló jáde, ọ̀dà tí wọ́n fi dí i kí omi má wọlé ṣì ń dán lára rẹ̀. A sáré lọ sílé, kálukú lọ pe bàbá àgbà tirẹ̀.

Bàbá àgbà mi dúró létí omi, wọ́n dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ̀, wọn ò sún mọ́ ọn. Bàbá Jínádù ló ká ṣòkòtò sókè, tí wọ́n wọnú ẹrẹ̀ lọ pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n gbẹ́, wọ́n gbẹ́. Wọ́n ń fi èèkù ọkọ́ kan pákó kọ̀ọ̀kan, ó ń dún gbọn-ín gbọn-ín. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ ọkọ̀, wọ́n bá kùkùté igi ńlá kan tó ti gún un wọ inú, tó há síbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa á lára, ó pẹ́.

“Àlàbí.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ bàbá àgbà mi. “Kùkùté ni. Kò sóhun tó ṣe pákó rẹ.”

Bàbá àgbà ní, “Ó ti pẹ́ tí èmi gan-an ò ti dá ara mi lójú mọ́.”

“Àlàbí, dárí jì mí.”

Bàbá àgbà wọnú ẹrẹ̀ lọ bá wọn, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn méjèèjì kírun òkú fún àbúrò tó bá ọkọ̀ náà lọ, bí wọn ò tiẹ̀ rí òkú rẹ̀. 

Bàbá àgbà ò padà kan ọkọ̀ mọ́, wọ́n ti darúgbó. Nígbà tí òjò dé, omi tún bo ọkọ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò fà á jáde.

Àwọn bàbá méjèèjì ti lọ. Àwọn tó ń wa yanrìn ti yí etí odò náà padà, mi ò lè tọ́ka sí ibẹ̀ mọ́. Sẹ̀kínà ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Mágòdò, níbi tí ọlọ́dẹ ti máa ń bi mí ní orúkọ kí n tó wọlé. Bí mo bá débẹ̀, a ó jókòó, a ó máa jiyàn lórí ta ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà. Òun ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà fún un láéláé, torí bí mo bá gbà, kí la ó tún máa bá ara wa sọ?