Àpótí Àṣàkẹ́ Sọ̀rọ̀ Nígbà Tí Kò Sẹ́ni Mọ́

Ẹ má kí mi kú oríire lónìí o. Inú ń bí mi.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fọ́nnu ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà àwa àgbà ní Ọ̀yọ́ pé Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe àpótí kékeré tó ń ka ábídí sókè. Lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pa ìsọ̀ wọn tì lọ́jà Akẹ̀sán, wọ́n wá wò ó.

Àṣàkẹ́ so díìsìkì iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kíláàsì, kí ìyẹn lè ṣètò ohun tí àpótí máa sọ. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí fáìlì kankan.

"Ìyá àgbà, ibòmíràn ni díìsìkì mi bọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà yìí. Àdírẹ́sì tó ní nínú kọ̀ǹpútà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ètò tí mo kọ ṣì ń wá kiri."

"O kó kúrò nílé, o ò júwe ilé tuntun?"

Àlájà Ràbí, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, dìde. "Ìyá Kọ̀ǹpútà, tí àpótí yín bá jí, ẹ bá wa kí i o. A ti lọ sọ́jà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín jáde. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Àṣàkẹ́ tún àdírẹ́sì náà kọ tán. Àpótí lanu: "A! B! D!"

Àga òfìfo ló ń kà á fún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n tún pè wọ́n lọ́la, àbí kí n gbẹ́nu mi dákẹ́?