Eré Mẹ́rin Tí Wọ́n Fi Ta Òkú Lọ́rẹ

Kirrily Maddern kú ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Nullan. Aago méje kò tíì lù. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé awakọ̀ tírélà tó ń gbé àlìkámà bọ̀ sọ pé iná ọkọ̀ obìnrin náà lòun kọ́kọ́ rí, òun ò sì rí nǹkan mìíràn kí ọkọ̀ méjèèjì tó kọlu ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Kirrily. Aṣọ tó fẹ́ fi gbá nẹ́tíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n àwọn obìnrin, ló wà lọ́rùn rẹ̀. Edie, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò bá a lọ lọ́jọ́ náà nítorí pé ikọ́ ń ṣe é. Ikọ́ ló gba ọmọ yẹn là.

Jàǹbá ọkọ̀ ni ọlọ́pàá pè é. Jàǹbá ni gbogbo ìlú Karrabil ń pè é. Èmi ò bá awakọ̀ tírélà jà; iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ilé Kirrily kò jìnnà sí pápá Karrabil. Ó lè gbé ife tíì jáde nílé kó dé pápá kí tíì náà tó tutù. Kí ló wá ń wá lójú ọ̀nà Nullan, tó jẹ́ àádóje kìlómítà sí ilé rẹ̀, nínú kùrukùru oṣù kẹfà, ìgbà òtútù níbí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Oṣù kejì ọdún tó kọjá ni mo dé ìlú yìí láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò sí ẹni tó pe orúkọ mi àfi olùkọ́ tó ń pe orúkọ gbogbo wa láàárọ̀. Ní Sátidé, gbogbo ìlú máa ń wà ní pápá, àwọn ọkùnrin níbi bọ́ọ̀lù fúútì tí wọ́n ń fọwọ́ fẹsẹ̀ gbá, àwọn obìnrin níbi nẹ́tíbọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ, òun àti àwọn ẹyẹ ni wọ́n jọ máa ń wà ní ìgboro. Mo lọ. Mo dúró sẹ́yìn igi. Obìnrin kan tí òógùn bò jáde láti ojú pápá, ọsàn lẹ́nu, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, ó sì wá bá mi tààrà. Kirrily ni.

"Ṣé o mọ nọ́ńbà kà?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ sọ?"

Mi ò dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka góòlù fún wa tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sinmi, góòlù méjì-mẹ́ta ló máa ń gbàgbé lọ́sẹ̀. Jókòó síbí, Màdáámù Pẹ́ńsùlù."

Láti ọjọ́ náà ni ìwé góòlù, tí iye eré tí olúkúlùkù ti gbá náà wà nínú rẹ̀, ti wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹlòmíràn máa ń bi mí pé níbo ni mo ti wá, ìgbà wo ni mò ń padà. Kirrily kò bi mí rí. Ohun tó máa ń bi mí ni bóyá mo ti jẹun, kò sì ní dúró gbọ́ ìdáhùn kó tó gbé ọbẹ̀ elégédé ka iwájú mi.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti wà ní Karrabil. Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún yìí fi máa parí, ó ti gbá eré igba ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta fún ẹgbẹ́ náà. Mẹ́rin ló kù kó pé igba ó lé àádọ́ta. Ẹ̀yin ará ìlú tó ń ka èyí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Orúkọ ẹni náà á gun pátákó onígi inú yàrá ẹgbẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á tò sọ́tùn-ún àti sósì, á gba àárín wọn kọjá, ọmọ rẹ̀ á sì di bọ́ọ̀lù mú níwájú. Mo ti rí Edie tó ń fi èyí dánra wò lẹ́yìn àtíbàbà wa. Ó di bọ́ọ̀lù máyà, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi.

Ní oṣù kẹrin yẹn kan náà, ọlọ́pàá fẹ̀sùn kan ọkọ rẹ̀, Brodie Haslett, pé ó lù ú nínú ilé. Brodie ni àwọn olólùfẹ́ fúútì ń pè ní Hass. Kò sí ẹni tó ń gbá góòlù wọlé tó o ní gbogbo agbègbè yìí. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kó má ṣe sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ tó igba mítà títí ẹjọ́ á fi parí. Mi ò sọ pé Brodie jẹ̀bi. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn, mi ò sì ní gbà á ṣe. Ẹjọ́ tí mo ní kì í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Láti ibi tí mo máa ń jókòó sí dé ibi òpó góòlù fúútì, mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Àwọn méjèèjì kò lè wà níbẹ̀ ní Sátidé kan náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹra. Ta ni ilé ẹjọ́ ní kó jìnnà? Brodie. Ta wá ni ẹgbẹ́ Karrabil ní kó dúró sílé?

Abẹ́ àtíbàbà wa ni Kirrily ti ka lẹ́tà tí ẹgbẹ́ kọ sí i fún mi.

"'Fún ìgbà díẹ̀,'" ó kà á, "'nítorí àlàáfíà gbogbo ẹbí Karrabil.'" Ó wò mí. "Màdáámù Pẹ́ńsùlù, ìwọ tó ń lọ ilé-ìwé, ìgbà díẹ̀ tó ìgbà wo?"

"Títí líìgì á fi parí," ni mo wí.

"Ó yé ọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ Brodie ń gbá góòlù, tèmi kàn ń gbé mi rìn ni. Èmi ni kí n máa gbé e lọ sílé." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ibi tó ń lọ. Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin. "Wọn ò tiẹ̀ fi orúkọ sí i. 'Ìgbìmọ̀' ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Èmi tí mo ti bá gbogbo wọn jẹun!"

Ó kọ̀wé sí líìgì, àwọn tó ń ṣàkóso gbogbo ẹgbẹ́ agbègbè yìí. Líìgì fèsì ní ìlà mẹ́ta pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́ ni, àwọn kì í dá sí i. Líìgì yìí kan náà, ní oṣù kan náà, ló kọ ojú ewé mẹ́rin sí ẹgbẹ́ Nullan nítorí pé àwọn ọmọkùnrin wọn wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun dípò dúdú. Ṣé ìbọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé? Àbí ohun tó bá wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin nìkan lojú líìgì ń rí?

Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó sún mọ́ ilé sọ fún Kirrily pé àwọn ò fẹ́ bá Karrabil fa wàhálà. Nullan nìkan ló gbà á. Ó wá di pé ní gbogbo Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò ti wà lójú ọ̀nà. Ní Karrabil, Hass ń gbá góòlù.

Mo wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta páì ẹran lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún. Ọkùnrin méjì wà níwájú mi. Glenys, ìyá àgbà tó ti ń ta páì níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ló ń dá wọn lóhùn.

"Ẹ rí Hass? Góòlù mẹ́fà! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá mọ́, ṣé ó lè gbá góòlù mẹ́fà?"

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ọ̀rẹ́ mi. Adájọ́ ò tíì dá a lẹ́bi. Wọn kì í fìyà jẹ èèyàn kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀."

"Kirrily ńkọ́?" ni Glenys wí. "Ta ló gbọ́ ẹjọ́ tiẹ̀ kí wọ́n tó lé e?"

"Glenys, páì ni mo ní kí o tà fún mi."

"Páì náà nìyí. Bó bá jẹ́ rẹfirí ni Hass gbá létí ńkọ́?"

"Háà! Ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n á lé e kúrò nínú eré títí ayé ni."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Rẹfirí ní fèrè lẹ́nu. Ṣé kí n bu ọbẹ̀ tòmátò lé e?"

Ọkùnrin náà gba ọbẹ̀ tòmátò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà ra páì tèmi, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín àwọn èèyàn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ẹ̀bi ìdákẹ́jẹ́ yẹn kan èmi náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, Karrabil dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù so aṣọ dúdú mọ́ apá. Brodie so tirẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dùn ún dénú eegun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ìṣẹ́jú náà ti parí, òun làwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún, òun ni wọ́n ń gbá léjìká, òun ni wọ́n ń pè ní akọni. Neville Strachan, alága ẹgbẹ́, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹbí kan ni wá. Ti Karrabil ni Kirrily títí dé òpin."

Títí dé òpin kẹ̀? Aṣọ ẹgbẹ́ wo ló wọ̀ kú?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo lọ dá ìwé góòlù padà sí yàrá ẹgbẹ́. Òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ kí mi. Mo gbójú sókè wo pátákó. K. MADDERN, 250. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Neville wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó bọ́ aláìlóbìí.

"Ó wù ọ́, àbí? A fi mẹ́rin ta á lọ́rẹ. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i."

"Neville," ni mo wí, "246 ló wà nínú ìwé mi."

"A mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀bùn ni."

"Ta ló kọ lẹ́tà tó ní kó má wá mọ́?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

"Ta nínú ìgbìmọ̀?"

"Ìgbìmọ̀ ni mo wí." Ó yí ojú sí pátákó. "A ṣì ń ṣọ̀fọ̀. Má jẹ̀ẹ́ ká máa fọwọ́ bọ ọgbẹ́."

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀bùn wo lẹ̀ ń pè ní ẹ̀bùn? Ẹ gba eré mẹ́rin lọ́wọ́ obìnrin tó ń mí, ẹ wá fi lé òkú lọ́wọ́, ẹ sì dúró ń retí ọpẹ́. Wọ́n na ọmọ, wọ́n ní kó má sunkún. Ó kú tán, wọ́n ń bá a sunkún. Bí ẹ bá mọ̀ pé mẹ́rin ni ẹ jẹ ẹ́, a jẹ́ pé ẹ mọ ìgbà tí ẹ gbà á. Ẹ rí ọ̀dà, ẹ rí àkàbà, ẹ rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n láti kọ orúkọ rẹ̀ sókè. Kí ló dé tí ẹ ò rí gègé tí ẹ máa fi kọ orúkọ tiyín sísàlẹ̀ lẹ́tà?

Ìyá Kirrily mú Edie wá wo pátákó náà. Àwọn èèyàn ti pèsè kéèkì. Ọmọ náà wò ó pẹ́, ó sì yíjú sí ìyá àgbà rẹ̀.

"Mọ́mì ò tíì débẹ̀," ó ní. "Mẹ́rin ló kù. Èmi ni mo máa di bọ́ọ̀lù mú."

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kéèkì náà mọ́.

Nítorí náà, ẹ pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kí ẹ kọ 246, torí òun ni òtítọ́. Bí àlejò bá béèrè ìdí tí obìnrin kan fi dúró síbẹ̀ nígbà tó ku mẹ́rin, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Kí líìgì sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀, ní ojú ewé mẹ́rin bó bá wù ú, pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ní kó jìnnà ni yóò jìnnà, ìbáà máa gbá góòlù ogún lọ́sẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ní Mọ́ńdè tó lọ, níbi tí a ti ń fọṣọ, obìnrin kan láti ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì yìí fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó ní kí n bá òun kà á bóyá òun ṣì í lóye ni. Kò ṣì í lóye. Àyàfi orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n pààrọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Kirrily ní ẹyọ kan: fún ìgbà díẹ̀, nítorí àlàáfíà gbogbo ẹbí. Ẹnì kan ń dà á kọ. Ẹnì kan ń fi ránṣẹ́ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Òun náà kò fi orúkọ sí i.

Ìpàdé líìgì yóò wáyé ní ọjọ́ Túsìdè tó ń bọ̀, aago méje ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Obìnrin náà yóò jókòó ní ìlà iwájú, èmi náà yóò sì jókòó tì í. Kí ẹni tó kọ lẹ́tà náà dìde, kó kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ parí rẹ̀.