Ibùsùn Àsorọ̀ Tí Mo Rà fún Bàbá Mi

Nígbà tí orúnkún bàbá mi daṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Emùré di oko wọn. Kì í ṣe pé wọn ò lè rìn. Wọ́n ń fọ̀pá rìn, wọ́n sì lè rìn dé oko kòkó wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti lè dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọn ò lè dìde mọ́ àfi bí èèyàn bá fà wọ́n. Ta ni yóò máa sùn sí ahéré oko, kó máa fa bàbá dìde láràárọ̀? Ìyá mi ń ṣòwò, èmi ń ránṣọ. Ìkórè sì ń bọ̀, bàbá mi, akọ̀pẹ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, wá jókòó sílé, wọ́n ń bá ewúrẹ́ onílé jà.

Mo gbọ́ pé ẹnì kan ń ta ibùsùn àsorọ̀ ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà máa ń so sáàárín igi méjì. Méjì ló kù lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀n, ó rọ̀, ó wuni, àmọ́ bí bọ́tìnnì kan bá kọ́ ọ, ó parí nìyẹn. Ìkejì jẹ́ aṣọ àgọ́ tó ki dáadáa. Mo ní kó so ó kí n dùbúlẹ̀ sí i.

"Nínú ọjà níbí?" ló bi mí.

"Ṣé kí n rà á tán kí n tó mọ̀ bóyá ó ń dun ẹ̀yìn ni?"

Ó so ó mọ́ òpó ìsọ̀ méjì. Àwọn èèyàn pé lé mi lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo nà gbọọrọ, ẹ̀yìn mi tẹ̀ kọdọrọ. Mo yí ara dábùú díẹ̀, ẹ̀yìn mi bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga, mo dìde wẹ́rẹ́. Ohun tí mo wá wá nìyẹn. Mo rà á.

Okùn tó bá a wá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo já a dànù, mo sì lọ́ igbà méjì, okùn tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń rí bàbá mi tí wọ́n ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ìyá mi mú wọn lọ sóko, mo sì so ibùsùn náà sínú ahéré. Bàbá mi ò wo aṣọ rárá. Okùn ni wọ́n dì mú.

"Ìsí lọ́ igbà yí?"

"Èmi ni, Bàbá."

Látọjọ́ tí wọ́n ti ń gun ọ̀pẹ, wọn ò fi igbà tí ẹlòmíràn lọ́ gùn ún rí. Àbúrò wọn lọ́ ọ̀kan fún wọn nígbà kan, igi ìdáná ni wọ́n fi dì. Mo ń retí kí wọ́n fà á, kí wọ́n fi gbogbo ara tì í wò. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n sì jókòó. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n tún dùbúlẹ̀, wọ́n tún dìde, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Orí mi wú. Mi ò ní tijú sọ ọ́, kò sẹ́ni tó tó mi lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi ti ń tẹ́ ẹní tiwọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n lè wà níbẹ̀ fa bàbá mi dìde láàárọ̀.

"Ká ẹní rẹ," ni bàbá mi wí. "Ẹ máa lọ ulé, ẹ̀yin méjèèjì."

Ìyá mi ká ẹní wọn láìjiyàn, a sì fi bàbá mi sílẹ̀ lóko ní àwọn nìkan.