Àǹtí Onífíríìjì àti Lúbúlúbú Inú Ọ́ìlì

Fíríìjì àbúrò rẹ̀ obìnrin ni àwọn ará àdúgbò fi ń rántí olóògbé Àǹtí Onífíríìjì, obìnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, jù. Ẹ̀rọ náà ti ń kùn tipẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àǹtí da lúbúlúbú kan mọ́ ọ́ìlì kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ariwo sì pòórá. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbà pé fíríìjì ti kú. Kí ọbẹ̀ má baà kan, ó pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ìgbà tó fẹ́ nu apá òkè ló bá yìnyín níbẹ̀. Ó bínú lọ bá Àǹtí.

“Ọkọ wa,” Àǹtí dá a lóhùn, “ṣé ohun tí kò bá pariwo ò ṣiṣẹ́ ni? Ìyàwó yín tí kì í pariwo ńkọ́?”

Ó máa ń ṣàlàyé pé lúbúlúbú náà kéré débi pé ojú ò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó ń yí gbirigbiri láàárín irin tó ń ha ara wọn, kí iná tí ẹ̀rọ ń jẹ lè dín kù. Télọ̀ kan ní òun ò lè gba ohun tí ojú ò rí gbọ́. Àǹtí bi í bóyá ó ti fojú rí òtútù rí kó tó lọ ra fíríìjì.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé lúbúlúbú náà máa ń lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ìgò ọ́ìlì tí Àǹtí pò ó mọ́, á sì ṣù pọ̀. Ó dí páìpù ẹ̀rọ ẹlẹ́ja kan pa lọ́jọ́ kan. Àǹtí ní kí wọ́n kó gbogbo ẹja náà wá sílé òun. Wọ́n jẹ ẹja títí tí ológbò pàápàá fi ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbọn ìgò kó tó lò ó. Nígbà tó rẹ apá rẹ̀, ó so ìgò mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba, ó ní kó máa gùn ún lọ, kó máa gùn ún bọ̀, lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó kún fún kòtò. Baba ò janpata. Nígbà tí wọ́n wá da ọ̀dà sí ọ̀nà náà, tí gbogbo èèyàn ń dúpẹ́, Àǹtí nìkan ló lọ fẹjọ́ sùn.

Àìsàn gbé e dé ọsibítù níkẹyìn. Fíríìjì oògùn ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi.

“Èmi ń sinmi, ọmọ mi,” ló sọ. “Ẹ̀rọ yẹn ni kò rójú sinmi.”

Ó ní kí ọkọ òun gbé àpótí irinṣẹ́ wá. Nígbà tí Baba gbé e dé, Àǹtí ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Baba padà lọ sí wọ́ọ̀dù náà. Nọ́ọ̀sì rò pé ẹ̀rọ ló fẹ́ wá tún ṣe. Baba ní òun ò mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó kàn wu òun kí òun jókòó díẹ̀ ti ohun tí ìyàwó òun fetí sí kẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì lọ gbé àga wá fún un.